Ẹni Tí Yóò Dá Orin Lórí Òkè Ewúrẹ́

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lórí kunkun jù ní gbogbo agbègbè Ìkọ̀lé, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ wá sí ilé wa ní Odò-Orò, kí ẹ béèrè Bàbá Ọlátúbọ̀sún. Bàbá mi ni. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, àgbẹ̀ kòkó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, bó bá sì ti sọ pé òun yóò ṣe nǹkan, kí ẹ yáa lọ bá ògiri sọ̀rọ̀. Èmi Fúnmilọ́lá ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mo ń bá a gbé, èmi ni mo sì mọ ohun tí ojú mi ń rí. Olùkọ́ ni mí. Ogójì ọmọ ni mo ń mú dákẹ́ nínú kíláàsì kan láìmú pàṣán dání, ṣùgbọ́n bàbá kan ṣoṣo yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo irun orí mi di funfun.

Ọ̀rọ̀ Gálílì ló dá wàhálà ọdún yìí sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde là ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí Bíbélì sọ pé nígbà tí Jésù jíǹde, ó ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì. Ní ìlú mìíràn, inú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì Gálílì tiwọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè Ewúrẹ́ là ń gùn, àpáta ńlá kan tó dúró lẹ́yìn oko kòkó wa. Áńgílíkà ń gùn ún, Kátólíìkì ń gùn ún, àwọn onígbàgbọ́ àtúnbí tí kì í bá wa ṣe nǹkan kan pọ̀ látọdún dé ọdún náà ń gùn ún. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ń wálé nítorí rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wálé fún Kérésì lọ. Bọ́ọ̀sì ń kó èèyàn wá láti Ọ̀yẹ́, láti Ìdó, láti Ayégbajú, tìyàwó tọmọ, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì. Àwọn alábàlúùnù á dé, oníkẹ̀kẹ́ áìsìkiriimu á dé, àwọn ayàwòrán á sì máa dáni dúró lójú ọ̀nà bí ọlọ́pàá.

Ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo èèyàn bá ti dé orí òkè, ẹnì kan á dá orin, àwa yòókù á sì gbè é. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣáá. Ẹni tó bá dàgbà jù nínú àwọn tó fi agbára ara wọn gun òkè lọ́jọ́ náà ni. Wọn kò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n, wọn kò gbọdọ̀ fà á, wọn kò gbọdọ̀ tì í. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kò burú. Kó tó lanu, alága Gálílì á bi í lójú gbogbo èèyàn pé, "Ta ló gbé yín dé ibí?" Òun náà á dáhùn pé, "Ọlọ́run àti ara mi." Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni bàbá mi ti ń fèsì bẹ́ẹ̀. Nítorí ẹ̀ ló ṣe ń jí rìn láràárọ̀ láti oṣù kìíní ọdún. Ìyá wa ti kú, oko kòkó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bá a ṣe é, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ tán. Orin yẹn nìkan ló kù láyé tó tún ń wù ú.

Ṣùgbọ́n lóṣù kọkànlá tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú nínú oko, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì wú gọ̀ǹgọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìdó sọ fún wa pé ó lè máa fi ọ̀pá rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n kó má ṣe fẹsẹ̀ gun òkè mọ́ láyé. Bàbá ní, "Dókítà dáadáa ni." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Dèjì, dé láti Èkó ní ọjọ́ Sátidé, ó sì pe ìpàdé. Ó fẹ́ràn ìpàdé. Ó ní, "Bàbá, abẹ́ igi ìyeyè ni ẹ máa jókòó lọ́dún yìí. A ti yá kánópì, a ti wá àga onítìmùtìmù. Bí ọba lẹ máa jókòó, ẹ ó sì máa gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀."

"Ta ni yóò dá a?" Bàbá béèrè.

"Màmá Àrìnkẹ́ ló kàn."

Màmá Àrìnkẹ́ jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, Kátólíìkì paraku, tó ń gun Òkè Ewúrẹ́ bí ẹni ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń dúró de ipò yẹn, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá pàdé Bàbá lọ́nà, á ní, "Ọlátúbọ̀sún, ara yá o?" kó tó kí i káàárọ̀.

Bàbá wo Dèjì, ó wò mí, ó ní, "Ó da."

Ó yẹ kí n ti fura. Ẹni tí bàbá mi bá ń bá jiyàn kò tí ì rí wàhálà. Ẹni tó bá sọ fún pé "Ó da" ni kó lọ di àmùrè rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n Dèjì rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, ó wá dojú kọ mí pé, "Fúnmi, ìwọ ni wàá máa ṣọ́ wọn. Bí ohunkóhun bá ṣe bàbá, ọwọ́ rẹ ni màá ti béèrè." Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ń wálé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló ń yan iṣẹ́ fún mi. Mo pa èsì mi mọ́ sínú nítorí ọdún Àjíǹde.

Nígbà tó di ọjọ́ Gálílì, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. A gbé Bàbá jókòó lábẹ́ kánópì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ó wọ agbádá, ó dé fìlà. Dèjì àti ìdílé rẹ̀ bá èrò gòkè lọ. Èmi jókòó ti Bàbá, mo ń bínú díẹ̀díẹ̀, nítorí èmi náà fẹ́ gòkè. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí ni mi ò ti pa Gálílì jẹ rí.

"Fúnmi," Bàbá ní, "mọ́ín-mọ́ín ń wù mí."

Mo dìde lọ wá mọ́ín-mọ́ín. Èrò pọ̀ níwájú obìnrin tó ń tà á, àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi sì ń dá mi dúró kí mi, wọ́n ń bi mí nípa ìdánwò ní ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí mo fi máa padà, fìlà Bàbá wà lórí ẹ̀yìn àga, agbádá rẹ̀ wà lórí tìmùtìmù, wọ́n tò ó dáadáa tó fi jẹ́ pé láti òkèèrè, èèyàn á ní àgbàlagbà kan ló ń tòògbé níbẹ̀. Ẹni tó ni wọ́n kò sí.

Mo wá a yí kánópì ká, mo wá a dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí mo yí sí ẹ̀yìn àpáta, níbi tí àwọn ewúrẹ́ ń gbà, tí ẹnikẹ́ni kì í gbà nítorí ó gùn ju ọ̀nà iwájú lọ ní ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó ti gòkè jìnnà, ó ga tó òrùlé ilé alájà méjì. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkè, ó kọ ojú sí mi, ìdí ló fi jókòó lórí àpáta. Ó ti ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ tó dára tẹ ilẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó tún jókòó sí òkè díẹ̀. Orúnkún tó ń dùn ún nà gbọọrọ síwájú, kò lò ó rárá. Ó fi okùn gbé ọ̀pá rẹ̀ kọ́ ọrùn sẹ́yìn.

"Bàbá! Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń lọ Gálílì," ó ní.

"Pẹ̀lú ìdí?"

"Udí tèmi ni. Dókítà ní kí n má fẹsẹ̀ gun òkè. Éè mẹ́nu kan udí."

Mo bọ́ bàtà mi, mo gun òkè bá a pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ó ti rán awọ mọ́ ìdí ṣòkòtò rẹ̀, awọ dúdú tó nípọn. Awọ báàgì ìwé mi ni! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń wá báàgì yẹn, tí mo ti fi ẹ̀sùn kan ọmọ tó ń gbálẹ̀ fún wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi ti ń múra, tó sì ń wò mí lójú, tó ń bá mi wá báàgì.

Mo na ọwọ́ láti dì í mú. Ó pariwo mọ́ mi.

"Má fọwọ́ kàn mí! Bo bá gbé mi, bo bá tì mí, orin mi ti bàjẹ́ nìyẹn!"

Ọwọ́ mi dúró sí afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú mọ́. Mo ní n ó pe Dèjì, mo wá rántí pé fóònù mi wà lábẹ́ kánópì. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lọ mú un, òun nìkan ni yóò wà lórí àpáta, bó bá sì yọ̀, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Kò sí ohun tó kù tí mo lè ṣe ju pé kí n jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí n kọ ẹ̀yìn sí òkè bíi tirẹ̀, kí n sì máa fi ìdí wọ́ tẹ̀lé e. Obìnrin ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, olùkọ́ àgbà, pẹ̀lú aṣọ ọdún! Mo ń bú Dèjì nínú, mo ń bú dókítà, mo ń bú ewúrẹ́ tó la ọ̀nà yẹn.

N kò mọ ìgbà tí èébú náà tán nínú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ń gun òkè, ojú àpáta ló ń wò. Ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bọ́ sí, ó ń wo ìdí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé òkè, ó ti rẹ̀ ẹ́, ìrẹsì ló ń wá. Bí mo ṣe gun Òkè Ewúrẹ́ láti kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń fi ìdí gun òkè, ayé ló dojú kọ, ayé náà á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wọ́.

Orí igi kòkó la kọ́kọ́ rí. Abẹ́ kòkó ni mo mọ̀, òkùnkùn rẹ̀ àti ewé gbígbẹ rẹ̀. N kò mọ̀ pé lókè, ewé tuntun rẹ̀ pupa fòò, tó ń dán nínú oòrùn. A wọ́ sókè. A rí orí ọ̀pẹ, a rí orí ìrókò tí mo ti ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé láti ọjọ́ yìí, àwọn ẹyẹ funfun kún orí rẹ̀, wọ́n ń yé ẹyin síbẹ̀, bí ẹni pé ìlú kan wà lórí wa tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa. A tún wọ́ sókè. Òrùlé Ìkọ̀lé yọ, àtijọ́ tó ti dípẹtà àti tuntun aláwọ̀ búlúù, àti òpó gíga àwọn onífóònù. Títì tẹ́ lọ bí okùn. Ọkọ̀ kan ń lọ lórí rẹ̀, mo wò ó títí tó fi wọ inú igbó, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá.

"Wo ìhà ibẹ̀ yẹn," Bàbá ní.

Ó nawọ́ sí ọ̀nà Itapají. Omi adágún ń tàn yanran níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè wà, lẹ́yìn òkè náà òkè mìíràn, wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n ń ṣókùnkùn, títí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ òkè àti èyí tó jẹ́ ìkùukùu. Òjò ń rọ̀ lórí wọn. Mo rí òjò látòkè délẹ̀, ó dúró ṣánṣán bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́, oòrùn sì ń ran apá ọ̀tún rẹ̀ àti apá òsì. Oko ẹnì kan ń mu omi, ti aládùúgbò rẹ̀ gbẹ. A jókòó sí gbangba, ara wa gbẹ, à ń wo ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Nǹkan kan kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwòdì ni. Ó na ìyẹ́ méjèèjì, kò jù wọ́n rárá, oòrùn ń tàn sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n bí epo. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, abẹ́ àwòdì ni mo ń rí. N kò rí ẹ̀yìn ẹyẹ tó ń fò rí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà sì dùn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, kò sí àyè ìkúnlẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi, n kò sì lè sọ ohun tó fà á.

"Ayé tóbi, Fúnmi," Bàbá ní. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. "Inú ẹ̀ la ti ń rìn lójoojúmọ́ yìí. Wò ó!"

N kò bínú sí i mọ́. Mo tilẹ̀ ti gbàgbé pé mo ń ṣọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá fẹ́, pé kó dé òkè, kó sì dá orin rẹ̀.

Lókè, mo gbọ́ ohùn alága nínú gbohùngbohùn pé ó ku ìdajì wákàtí.

Ibẹ̀ la ti dé ibi burúkú. Àwọn ewúrẹ́ fúnra wọn, fífò ni wọ́n ń fò ó. Àpáta náà dúró bí àtẹ̀gùn gíga kan, ó ga tó orúnkún mi, omi ń sun lára rẹ̀, èéhù aláwọ̀ ewé sì bò ó. Bàbá ti ọwọ́ sẹ́yìn lé e, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ara, kò dé ibẹ̀. Ó sinmi. Ó tún ṣe é. Kò tún dé ibẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sinmi sí i, Bàbá."

"Àyè éè sí."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti gbé ìdí dé etí àpáta náà nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ̀. Mo rí i tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó ń bọ́ sí ìhà tí kò sí nǹkan kan. N kò ronú. Mo ti èjìká bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí rẹ̀ mú, mo gbé e, ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì gbé e kalẹ̀ sókè àtẹ̀gùn náà. Kò pẹ́ tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì.

A jókòó, à ń mí. N kò wò ó, kò wò mí. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Kò sí ẹnikẹ́ni tó rí wa. Ó tún ti ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wọ́ lọ, èmi náà tẹ̀lé e.

Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí, orí pípá tí kò dé fìlà, tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn òkè níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ariwo tó sọ kì í ṣe kékeré. Ìyá kan da ìrẹsì nù. Dèjì sáré wá, ó pe orúkọ mi ní kíkún, "Fúnmilọ́lá!" ó la ẹnu láti bá mi jà, ó wá wo Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Dèjì yíjú, ó ń fi apá aṣọ nu ojú.

Màmá Àrìnkẹ́ ti dúró sórí òkúta tí ẹni tó ń dá orin ń dúró sí, ní etí òkè, tó kọjú sí gbogbo ìlú. Ó ti wọ aṣọ àwọn ìyá Kátólíìkì, ó ti di gèlè le. Ọ̀gbẹ́ni Akínlolú, alága Gálílì, dúró tì í pẹ̀lú gbohùngbohùn, ó ń wo ẹni kìíní, ó ń wo ẹni kejì.

Ẹnì kan tó wá láti ìlú Ìyè ní, "Ṣé ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gùn ún ni? Ìdí wà nínú rẹ̀?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Àṣà kò sọ ẹsẹ̀," Akínlolú ní, ó ń ronú. "Agbára ara ló sọ."

Màmá Àrìnkẹ́ ló parí rẹ̀. Ó ní, "Akínlolú, udí éè ṣe ara ni? Àbí ulé ẹlòmíràn ló ti yá a?" Ó sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta náà, ó nawọ́ sí i fún Bàbá. "Ọlátúbọ̀sún, bọ́ síbí. Mo ti dúró ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀kan sí i éè ní pa mí."

Gbogbo òkè pàtẹ́wọ́. Bàbá mú ọ̀pá lọ́rùn, ó fi tilẹ̀, ó dìde fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó tiro dé ìdí òkúta. Àwọn ìyá mú ọmọ wọn mọ́ra.

"Bàbá Ọlátúbọ̀sún," Akínlolú ní nínú gbohùngbohùn, "ta ló gbé yín dé ibí?"

"Ọlọ́run," Bàbá ní.

A dúró dè é. Ó wo ọ̀nà Itapají, níbi tí òjò ṣì dúró sí.

"Ọlọ́run, àti ara mi," ó ní, "àti Fúnmi. Ní ibi tí omi ti ń sun, mò ń ṣubú lọ. Ọmọ mi gbé mi."

"Irọ́ ni!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń lé ọmọ jáde ní kíláàsì nítorí irọ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi mẹ́fà dúró níwájú mi tí wọ́n ń wò mí. "Mi ò gbé wọn o! Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n! Ó rẹ̀ wọ́n ni, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ!"

Bàbá yíjú sí mi. Kò bínú rárá. "Fúnmi," ó ní, "orí Gálílì la wà yìí. Éè ṣe ibi urọ́."

Akínlolú sọ gbohùngbohùn kalẹ̀. N kò rí ojú alága yẹn bẹ́ẹ̀ rí, bíi ti ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sọ fún Bàbá pé kò lè dá orin mọ́, Bàbá ló bá a sọ ọ́. Ó na ọ̀pá sí Màmá Àrìnkẹ́, ó ní, "Tìrẹ ni. Má dá a kéré o."

Ó wá ní kí Dèjì wá pọ̀n òun, nítorí kò sí ohun tó kù tó lè bàjẹ́. Dèjì pọ̀n ọ́n, ó gbé e kúrò létí òkè wá sí àárín wa, sí ibi tí àpáta ti jinnú bí àwo, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn jókòó sí lórí ẹní. Mo jókòó tì í. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè wò ó. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi, mo ń wò wọ́n. Bí n kò bá gbé e, ì bá ti kú. Bí mo ṣe gbé e, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láyé. Ó sì lè dákẹ́! Kò sẹ́ni tó rí wa!

Màmá Àrìnkẹ́ gun òkúta. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn. Ó dojú kọ ilẹ̀ títẹ́ tó lọ títí dé ibi tí ojú mọ, ó sì dá orin. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín, ó sì mú.

"Ó ti ṣáájú wa lọ o! Ìkọ̀lé ń kọ́?"

"À ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀!"

Ẹni tí kò bá jókòó síbẹ̀ rí kò lè mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe etí nìkan la fi ń gbọ́ ọ. Àpáta náà ń gba ohùn wa, ó ń dá a padà láti ìsàlẹ̀, ó ń gba egungun ìdí wọlé, ó ń gba àyà kọjá. Àwọn Áńgílíkà ń fi ohùn mẹ́rin kọ ọ́, àwọn àtúnbí ń pàtẹ́wọ́, ọmọ ọwọ́ ń ké, ó sì di ohùn kan ṣoṣo.

"Ọ̀yẹ́ ń kọ́?"

"À ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀!"

"Ìdó ń kọ́? Ayégbajú ń kọ́? Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ń kọ́?"

Bàbá kò gbè é. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó mọ́ àpáta, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ìgbà tí àwòdì kọjá lábẹ́ wa. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Mo fọwọ́ kàn án léjìká.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí."

Ó fa etí mi sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kí n lè gbọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ó ní, "ohùn ara mi nìkan ni mo ń gbọ́ lórí òkúta yẹn. Mo ti gbàgbé pé báyìí ló ṣe ń dún."

Ó wá gbé orí sókè, ó sì gbè é pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀, ó pẹ́ lẹ́yìn àwa yòókù díẹ̀, kò sì bìkítà. Èmi náà tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ àpáta, mo sì bá a gbè é.